Bí Ìtòkú Ṣe Di Kemta Àgbà

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo débi iṣẹ́, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan l'Abẹ́òkúta, Màmá Débọ̀, ọ̀gá yàrá kọ̀ǹpútà, na ọwọ́ sí àpótí irin kan ṣoṣo, wọ́n ní kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ni. Mo rò pé ooru ló ń dà wọ́n láàmú.

"Ayálégbé ni wọ́n nínú irin yìí," wọ́n ní. "O ò lè fọwọ́ kàn wọ́n, ṣùgbọ́n kálukú ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀."

Àdúgbò Ẹ̀gbá la fi ń sọ wọ́n lórúkọ. Láfẹ́nwá ń tọ́jú èsì ìdánwò. Kemta, àdúgbò ọ̀gá àgbà, gba àyè ju gbogbo wọn lọ. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìtòkú ń sùn ní tirẹ̀, àmọ́ òun ni ìyá tí a ti ara rẹ̀ da àwọn yòókù kọ. Ohun tó bá yí padà nìkan ni ẹ̀dà ń kọ sórí díìsìkì tirẹ̀. Ara ìyá ló ti ń ka ìyókù.

Díìsìkì inú irin náà wá kún lọ́sẹ̀ tí àwọn ọmọ ń dúró de èsì tí wọn yóò fi lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Láfẹ́nwá dákú. Ọ̀gá àgbà, tí ara ilẹ̀kùn kò gba oyè wọn tán, pe ìpàdé láti wá ohun tí a óò pa rẹ́ kí àyè lè wà.

"Ìtòkú yìí, kí ló ń ṣe?"

"Ó ń sùn, sà," Màmá Débọ̀ fèsì, "àmọ́ àwọn ọmọ ń mu ọmú rẹ̀. Tí a bá pa á rẹ́, gbogbo èsì á bá a lọ."

"Madam, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọmú sílẹ̀. Ta lọmọ Ìtòkú níbí?" Kò sẹ́ni tó nawọ́. "Ó parí. Kí n tó jẹun ọ̀sán tán, kó ti lọ."

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, tí wọ́n wá wò ó, kò sí Ìtòkú lójú kọ̀ǹpútà mọ́. Màmá Débọ̀ ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Kemta Àgbà.

"Èwo tún lèyí?"

"Ìyá gbogbo wọn ni, sà. Ṣé ká pa á?"

Ọ̀gá tún fìlà wọn ṣe. "Ẹ pa Kemta? Ẹ wá àyè níbòmíràn!"

"A ti rí i, sà. Fídíò ọjọ́ìbí yín ló kún inú Kemta kékeré."

Wọ́n wúkọ́. "Ẹ yọ ọ́."

Láfẹ́nwá jí. Ariwo ayọ̀ àwọn ọmọ níta bo ariwo fáànù wa mọ́lẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn.

Màmá Débọ̀ ti fẹ̀yìntì. Èmi ló jókòó sórí àga wọn. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá àgbà tuntun dé, wọ́n ń wá ohun tí a óò pa rẹ́.

"Ọmọ àdúgbò wo ni yín, sà?" mo bi wọ́n.

"Ìtòkú. Kí ló dé?"

"Kò sí, sà."

Mo padà sí yàrá, mo dá orúkọ Ìtòkú padà fún ìyá wọn.