Adùn Àgbàdo Tó Ń Hù

Òórùn àgbàdo tó ń hù máa ń dá mi padà sẹ́yìnkùlé ìyá àgbà ní Iléṣà, níbi tí wọ́n ti ń fi ewé bo àgbàdo kó lè hù, kí wọ́n tó fi ṣe ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò mi jòjòló ń mu ọmú ìyá wa bí ẹni pé òun nìkan ni wọ́n bí. Ìyá àgbà ju hóró tó ti hù sí mi lẹ́nu. Ó dùn.

Ìyá àgbà ní, "Ọmọ inú hóró yìí ló ń ké pé ebi ń pa òun, ni hóró bá ń yọ́ di adùn fún un. Èèpo ló máa kù."

Mo wo egungun ọrùn ìyá mi tó ti yọ síta. "Àbúrò mi ti mu wọ́n gbẹ!"

Ìyá àgbà dá mi lóhùn pé, "Ta ló kọ́kọ́ mu ún? Ìwọ ni."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín; ìgbà tí mo fọ́mọ tèmi lọ́mú ni mo tó mọ bó ṣe rẹ̀ wọ́n tó. Lọ́jọ́ náà, inú mi dùn ni: èmi ni mo mu èyí tó dùn jù.