Tìmùtìmù Árábù

"Ohun tí ẹ kò bá mọ inú rẹ̀, ẹ má ṣe gbé e sábẹ́ imú ọmọ."

Dókítà kan ló sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́ láìpẹ́ yìí. Kì í ṣe èmi ló ń bá wí. Ìyàwó kékeré kan tó ń gbé ilé kejì sí wa ni, ọmọ rẹ̀ wà láyà rẹ̀, ó ń mí gulegule. Mo bá a lọ nítorí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Ìyàwó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún pálọ̀ rẹ̀ ṣe bíi ti àwọn Lárúbáwá ni: ó kó àga síta, ó tẹ́ rọ́ọ̀gì, ó to ìrọ̀rí ńláńlá sára ògiri yíká. Inú fóònù ló ti rí i. Bí a ṣe ń padà bọ̀, ó ní, "Màmá, wọ́n ní ẹ̀yin náà ti ṣe irú rẹ̀ rí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì sọ bó ṣe jẹ́ fún un. Nígbà tí mo délé, mo rò ó pé kì í ṣe òun nìkan ló yẹ kó gbọ́.

Àwọn ọdún tí nǹkan le ni tiwa bọ́ sí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọkọ mi, owó oṣù sì ń wọlé nígbà tó bá wù ú. Ìsìkan, ní Àkúrẹ́ níbí, ni ilé tí a háyà wà. Ikán ti jẹ àga wa. Kì í ṣe gbogbo àga náà ló jẹ o, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni, ṣùgbọ́n àga kì í fi ẹsẹ̀ iwájú nìkan dúró. Nígbà tí ọ̀kan wó pẹ̀lú àlejò lórí rẹ̀, ọkọ mi kó wọn sẹ́yìnkùlé, a fi wọ́n dáná. A kò lè ra òmíràn.

Ní ilé onídìrí mi, kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri tó ní àwòrán pálọ̀ kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá. N kò rí àga kankan níbẹ̀. Tìmùtìmù ni wọ́n tò yíká, pupa àti àwọ̀ aró. Fìtílà oníhò wẹ́wẹ́ rọ̀ láti òkè, ọpọ́n idẹ wà láàárín. Mo wò ó títí onídìrí fi ní kí n gbé orí mi dúró. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé àwọn tó ni pálọ̀ yẹn kì í ṣe tálákà, síbẹ̀ wọn kò ní àga.

Mo bẹ̀rẹ̀. A kun ògiri ní àwọ̀ yanrìn. Mo fi ìṣó lu ihò sára agolo mílíìkì ńlá kan, ọkọ mi so gílóòbù sínú rẹ̀. Bí iná bá wà, ìràwọ̀ a bo ògiri. Bí iná kò bá sí, agolo ni. Káfíńtà gé pákó pẹlẹbẹ bí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó kàn án sókè ọ̀nà tó lọ sí yàrá. Mo so aṣọ méjì tó nípọn pọ̀, mo fi ṣe kọ́tìnnì. Mo rí rọ́ọ̀gì àlòkù kan rà. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń da tùràrí díẹ̀ sórí ẹyin iná kí ilé lè máa ta sánsán.

Onílé wa, ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́, kò jẹ́ ká gbádùn. Bó bá ń kọjá, á ní, "Ẹ kú ulé o, ulé Àlàájì."

Ọkọ mi á dáhùn pé, "Àlàájì tí kò dé Mẹ́kà, Màmá."

"Ẹ ti tẹ́ ẹní ná. Ìrun ló kù."

Tìmùtìmù ló kù ní tiwa. Mo ra aṣọ rẹ̀, mo sì gé e fúnra mi, ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gígùn, méjì ní ìbú. Ọkọ mi ní ẹnì kan tí wọ́n jọ dàgbà ní Oǹdó, ìlú rẹ̀, tó ń fi rírán àga àti tìmùtìmù jẹun. Kò sí fóònù alágbèéká nígbà náà. A di aṣọ náà fún awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Mo dúró tì í ní gáréèjì, mo ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé tìmùtìmù Árábù ni. Kó fi àjákù fóòmù kún un." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ọkọ mi ní kí n fi ọkùnrin náà sílẹ̀, kì í ṣe ọmọ ilé ìwé.

Nígbà tí tìmùtìmù dé, wọ́n dára ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n fúyẹ́, wọ́n sì rọ̀. Ó rán etí wọn ní ìlọ́po méjì, kò sí ibi tí a lè gbà wo inú.

Àbíkẹ́yìn mi, ọmọbìnrin, kò tíì tó ilé ìwé í lọ nígbà náà. Ikọ́ fée ti mú un rí ní ìgbà ọyẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ṣọ́ ọ ju àwọn yòókù lọ. Lẹ́yìn tí a tún pálọ̀ ṣe, ikọ́ náà padà dé, kò sì dúró de ọyẹ́ mọ́. Àyà rẹ̀ á máa dún bí fèrè, awọ ara á máa wọlé láàárín egungun ìhà rẹ̀ bó bá ń fa èémí. Ọjọ́ kan wà tí ètè rẹ̀ ṣú. N kò sọ pé ó dúdú. Ó ṣú ni, bí ojú ọ̀run tí òjò fẹ́ rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ọmọ yìí lè bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Dókítà fún un ní oògùn, ó sì bi mí pé, "Kí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé?"

Mo kà wọ́n fún un. Ó ní tùràrí kò dára, kọ́tìnnì tó nípọn ń gba eruku, rọ́ọ̀gì náà ń gbà á. Mo bi í nípa tìmùtìmù. Ó ní, "Kí ló wà nínú rẹ̀?" Mo ní fóòmù ni. Ó ní fóòmù kò fi bẹ́ẹ̀ burú.

Mo dá tùràrí dúró. Ikọ́ kò lọ. Mo tú kọ́tìnnì. Mo ká rọ́ọ̀gì, mo fi tọrẹ. Sìmẹ́ńtì lásán ló kù nílẹ̀, n kò sì fẹ́ kí òtútù ilẹ̀ mú un, nítorí náà orí tìmùtìmù ni mo ń tẹ́ ẹ sí. Bí kò bá lè mí ní ìdùbúlẹ̀, mo máa ń to tìmùtìmù léra, màá fi gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Mo máa ń rí nǹkan funfun wẹ́wẹ́ nínú irun rẹ̀. Mo rò pé ara aṣọ ló ti ń já bọ́.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí ìyá ọkọ mi fi ti Oǹdó dé láti wá wo ọmọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó wo pálọ̀ yíká. Ohùn Oǹdó ló fi ń sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ bí gbogbo wa ṣe lè gbọ́ ọ.

"Ta ló kú?"

Mo kúnlẹ̀ kí i. "Màmá, kò sẹ́ni tó kú. Ẹ káàbọ̀."

"Kò sẹ́ni tó kú, ẹ kó àga kúrò ní pálọ̀, ẹ jókòó sílẹ̀ bí opó?"

Ọkọ mi ní, "Màmá, bí àwọn Lárúbáwá ṣe ń ṣe é ni."

"Bàbá rẹ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì títí ó fi kú. Lárúbáwá wo ló bí ọ?"

Ó kọ̀, kò jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, orúnkún rẹ̀ sì ń ro ó. Nígbà tó yá, ó rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ sórí tìmùtìmù kan. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀.

"Ìyàwó mi, níbo lẹ ti rí òwú igi àràbà?"

"Fóòmù ni, Màmá."

"Fóòmù a máa ta padà. Wá tẹ̀ ẹ́ wò. Orí irú èyí ni mo dàgbà sí, mo mọ̀ ọ́n."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ibi tí mo tẹ̀ wọlé, ó sì dúró síbẹ̀. Mo mú sáàsì, mo já etí rẹ̀. Òwú funfun tó ń dán bí ṣẹ́dà rú jáde, eruku sì bá a jáde. Atẹ́gùn ojú fèrèsé gbé e káàkiri pálọ̀. Ìyá ọkọ mi kò pariwo. Ó kàn ní, "Gbé ọmọ yẹn síta."

A kó gbogbo rẹ̀ síta ní ọ̀sán ọjọ́ náà, a fọ ilẹ̀ àti ògiri. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo lọ sí Oǹdó lọ bá ọkùnrin tó rán an. N kò lọ jà. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni.

Ó ní, "Àràbà lẹ ní kí n fi sí i."

"Árábù ni mo ní."

"Awakọ̀ ní àràbà. Inú mi tiẹ̀ dùn, mo ní ẹni tó mọyì nǹkan àtijọ́ rèé. Ẹ ò mọ iye oko tí mo dé kí n tó rí i ṣà. Fóòmù ì bá rọ̀ mí lọ́rùn."

A ránṣẹ́ pe awakọ̀ ní gáréèjì. Òun náà ní òun jíṣẹ́ pé. "Ẹ ní tìmùtìmù àràbà, ẹ tún dárúkọ àjákù fóòmù. Mo sọ fún un pé àràbà ni wọ́n fẹ́, àmọ́ bí kò bá rí i, kó lo fóòmù."

Ọkùnrin náà ní, "Mo sì rí i."

Ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi wo ojú mi. N kò rí ẹni tí màá bínú sí. Ohùn òkè ni mo fi pe ọ̀rọ̀ yẹn, ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi gbọ́ ọ, àárín méjèèjì ni ọmọ mi sì há sí.

Ó bá mi kó àjákù fóòmù sínú aṣọ tuntun, kò gba nǹkan kan. Mo dúró tì í títí ó fi rán èyí tó kẹ́yìn. N kò sọ pé ikọ́ náà tán. Ó ṣì máa ń gbé e ní ìgbà ọyẹ́ títí ó fi wọ ilé ìwé girama. Ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ kò ṣú mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi tìmùtìmù ṣe pálọ̀ yín lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ ṣe é. Ó ń wu ojú, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Mo kàn ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ọmọ kékeré wà lọ́wọ́ yín: kí ọmọ tó gbé orí lé e, ẹ já etí kan, kí ẹ fi ojú ara yín wo ohun tó wà nínú rẹ̀.