Ẹ̀tù tí Ardis yàn fún ejìká rẹ̀

Ọdún mẹ́tàlá ni Ardis Tveit fi ń fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba Montana, kí wọ́n lè fún un níwèé àṣẹ láti pa akọ ẹ́líkì kan, àgbọ̀nrín ńlá orí òkè, níbi tí bàbá rẹ̀ ti máa ń dẹ̀gbẹ́. Ọdún tí ìbò mú orúkọ rẹ̀ gan-an ni dókítà fi irin sí ejìká ọ̀tún rẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu wíwa ọkọ̀ ọmọ iléèwé.

Dókítà ní kò gbọdọ̀ yin ìbọn ńlá mọ́. Ardis ra èyí tó kéré, tí kátíríìjì rẹ̀, ìyẹn idẹ tó ń gba ẹ̀tù àti orí ọta, kúrú, tí kì í ta ni léjìká púpọ̀. Kì í ra ọta ní ṣọ́ọ̀bù. Fúnra rẹ̀ ló ń dì í nínú gáréèjì: á fọ idẹ tí wọ́n ti yìn, á wọn ẹ̀tù sí i, á tẹ orí ọta mọ́ ọn. Òun náà ló ń di ti Lyle, àbúrò rẹ̀, tí ìbọn tirẹ̀ tóbi.

Agolo ẹ̀tù méjì ló wà lórí pẹpẹ. Èyí tó ń jó kíákíá ni ti kátíríìjì kúkúrú. Èyí tó ń jó díẹ̀díẹ̀ ni ti Lyle. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan lò fún èkejì lè fọ́ ìbọn mọ́ ara rẹ̀ lójú. Nítorí náà, agolo kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin, nígbà tí ejìká ò jẹ́ kó sùn, ó ti fi ẹ̀tù sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìwọ̀n láìkọ nǹkan kan sí i lára. Ìgbà tí ọjọ́ ọdẹ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án ló tó rí i. Ó rántí pé òun ti da díẹ̀ padà sínú agolo. Kò rántí èwo.

Lyle bu ẹ̀tù náà sọ́wọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò. “Tèmi nìyí. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ojú ìyàwó mi.”

“Èwo nínú ìyàwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o ti fẹ́?” ni Ardis bi í.

Lyle rán an létí pé ẹ̀tù ti wọ́n lọ́dún yẹn, pé kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ní irú èyí mọ́. Ardis mọ̀. Ó gbé agolo méjèèjì àti èyí tó wà nínú ẹ̀rọ jáde, ó fọ́n gbogbo rẹ̀ sídìí òdòdó bí ajílẹ̀. Lyle dúró, ó ṣí fìlà dání bí ẹni tó wà nídìí sàréè.

Ṣọ́ọ̀bù kẹrin tí wọ́n dé ló ní agolo kan ṣoṣo, irú tí Ardis ò lò rí. Ó ṣí ìwé ìdiwọ̀n, ó kà á lórí ìdúró. Ẹ̀tù náà wà fún kátíríìjì méjèèjì. Òun kọ́ ló yára jù fún ọ̀kankan, ṣùgbọ́n òtútù kì í fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Lyle ní yóò dín eré ọta òun kù.

“Ẹ́líkì ò ní mọ̀,” ni Ardis wí, ó sì gbé e.

Ìwọ̀n tó kéré jù nínú ìwé ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un, ọta mẹ́ta mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, yìnyín ti bo pápá tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò. Mẹ́ta àkọ́kọ́ fọ́n káàkiri pátákó tó ń yìnbọn sí. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ò sàn jù bẹ́ẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó mí, ó yin ìwọ̀n kẹta.

Ó ń retí ìrora. Ìbọn náà kàn tì í díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kọjá lójú ọ̀nà tóóró.

Lyle rìn lọ síbi pátákó, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fara kanra. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ẹ̀tù yóò ṣẹ́ kù fún òun, àti aago wo ni kóun wá lọ́jọ́ Sátidé tí ọdẹ máa bẹ̀rẹ̀.

“Mẹ́rin ìdájí,” ni Ardis wí. “Mú ẹṣin méjì wá. Ẹran ò ní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.”