Owó Tí Wọ́n Ní Kó Jókòó

Àlùbọ́sà ni ìyá mi ń tà ní Mile 12, àpò-àpò ni wọ́n sì ń tà á. Bí ọkọ̀ bá ti òkè Ọya dé láàárọ̀, wọ́n lè ra ogún àpò lẹ́ẹ̀kan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń tà á ní wẹ́wẹ́ á ti kó o lọ sí Gbàgádà àti Ajégúnlẹ̀. Owó tó bá wọlé lónìí ni wọ́n fi ń ra ọjà ọ̀la. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, òun náà la fi ń jẹun, òun la fi ń san owó ilé wa ní Ìkòsí.

Lọ́dún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn ọlọ́jà, àbúrò mi ọkùnrin gba ìwé ìgbaniwọlé sí yunifásítì kan nílùú òyìnbó. Wọ́n ní àwọn á bá a san ìdajì owó ilé-ìwé. Ìyá mi mú lẹ́tà yẹn lọ sọ́jà, wọ́n fi han àwọn tí kò mọ̀wé kà pàápàá.

A lọ bá ọkùnrin kan ní Kétu tó ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù físà.

"Mummy," ó ní, "ẹ máa fi owó han àwọn tó ń fúnni ní físà, ní báńkì. Owó ilé-ìwé, owó oúnjẹ, owó ibi tó máa gbé."

"Owó wà," ìyá mi dáhùn. "Inú ọjà ló wà."

"Wọn ò mọ ọjà, Mummy. Báńkì ni wọ́n mọ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Kó jókòó? Owó àlùbọ́sà kì í jókòó o. Tó bá jókòó, ó ti kú nìyẹn."

Ọkùnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín. "Bí òfin ṣe wí nìyẹn, Mummy."

Ìyá mi kó gbogbo owó ọjà sí báńkì. Wọ́n ta góòlù tí bàbá wa rà fún wọn, wọ́n fi kún un. Àsìkò yẹn gan-an ni àlùbọ́sà ń pọ̀, tí owó rẹ̀ rọlẹ̀, tí àwọn tó lówó lọ́wọ́ ń rà á pamọ́ de ìgbà òjò. Ìyá mi ń ra àpò kan, nígbà mìíràn méjì, wọ́n jókòó sábẹ́ agboòrùn, wọ́n ń kó o jọ ní òkìtì kéékèèké bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ òwò. Àwọn oníbàárà wọn àtijọ́ ń gba iwájú wọn kọjá. "Alhaja, ẹ má bínú o, mo ti rí ibòmíràn rà."

Èmi náà wà ní ọdún kejì ní polí. Nígbà tó tó àkókò kí n san owó ilé-ìwé, mo lọ bá wọn.

"Ṣe sùúrù," wọ́n ní. "Tí mo bá yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀, wọ́n á ní a ò lówó."

Mi ò ṣe ìdánwò lọ́dún yẹn. Ilé ni mo wà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ̀wé.

Oṣù mẹ́fà pé. Àbúrò mi kó ìwé lọ, ó san owó físà. Nígbà tí èsì dé, èmi ni mo kà á fún ìyá wa lórí àga nínú pálọ̀.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kò dá àwọn lójú pé owó yín ni. Wọ́n ní ẹni tó ń ta àlùbọ́sà, tí kò gba owó oṣù, níbo ló ti rí i?"

Ìyá mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. "Ṣé wọ́n wá sí Mile 12? Ṣé wọ́n bi ẹnì kan?"

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi wọ léèsì, èmi pẹ̀lú wọn, a gba Erékùṣù Èkó lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń fúnni ní físà. Wọn ò jẹ́ ká wọlé. Aṣọ́bodè ní tí a bá fẹ́, ká lọ kọ fọ́ọ̀mù tuntun, ká san owó tuntun. Èyí tí a ti san, kì í padà. Ìyá mi dúró lójú oòrùn, ni wọ́n bá pariwo: "Àlùbọ́sà ni mò ń tà! Kí wọ́n wá wò ó! Kí wọ́n wá béèrè!"

Aṣọ́bodè yẹn, Yorùbá bíi wa, ní, "Mummy, ẹ má dójú tì wá."

Ojú ta ni ó ń tì? Mo bú u. Mo bú u débi pé ìyá mi ló fà mí kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí owó fi jáde ní báńkì, òjò ti dé, àlùbọ́sà ti gbówó lórí. Ohun tí wọ́n rí rà kò tó ìdajì ohun tí ì bá jẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń ti ẹ̀yìn bọ̀ kí wọ́n tó tún lè ra àpò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò mi kàwé níbí, ó ṣe dáadáa. Èmi náà jáde, mo fi ọdún kan pẹ́.

Mo gbà pé olúkúlùkù ló ni ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó lè má ṣí i fún àlejò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ ní kí ìyá mi pa òwò wọn, kí wọ́n tó wá sọ pé ìyá mi ò ní òwò! Ìyá mi ní àwọn ti fi wọ́n sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Èmi ò tíì fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.