Alùpùpù Tí Mo Fi Sílẹ̀ Kí N Lè Kí Bàbá

Gbogbo ìdílé ìyàwó mi ló mọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré ni wọ́n mọ̀. Àna mi ló máa ń sọ ọ́. Bí àlejò bá ti jókòó tán nílé wọn ní Ẹdẹ, wọ́n á nawọ́ sí mi, wọ́n á ní ọkọ ọmọ àwọn rèé, ẹni tó jẹ́ kí alùpùpù rẹ̀ ṣubú nítorí kó lè dọ̀bálẹ̀ kí àwọn. Àwọn àlejò á mi orí, wọ́n á ní irú mi kò pọ̀ mọ́. Màá rẹ́rìn-ín, màá wo ilẹ̀. Wọ́n rò pé ojú ọmọlúàbí ló ń tì mí. Ojú ń tì mí lóòótọ́.

Mi ò tíì gbéyàwó nígbà yẹn. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Sekona, alùpùpù àlòkù kan ni mo sì fi ń ti Ẹdẹ lọ, tí mo fi ń bọ̀. Ọmọbìnrin tí mo ń fẹ́ ti sọ̀rọ̀ mi fún bàbá rẹ̀. Bàbá ní àwọn mọ̀ mí, pé èmi ni mo gun alùpùpù kọjá lára àwọn lọ́jọ́ kan tí n kò kí àwọn, àwọn kò sì ní fi ọmọ àwọn fún ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Mi ò rí wọn ni. Eruku ló wà lójú mi. Ṣùgbọ́n ta ni màá sọ ọ́ fún? Bàbá kì í jáde láìmú agboòrùn dúdú lọ́wọ́, nítorí náà, fún oṣù méjì gbáko, gbogbo àgbàlagbà tó bá mú agboòrùn dúdú lọ́wọ́ ni mo ń dúró kí.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo gbé alùpùpù lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi lójú ọ̀nà Alajue. Ó jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ òun ló ń bọ̀wọ̀ fún mi, torí pé mo jẹ́ tíṣà. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì ti kú, bí mo bá bọ́ sí kòtò, ìdí mi ló ń jìyà rẹ̀. Dọ́bù sítáǹdì, irin abẹ́ tó máa ń gbé e nàró, náà ti kán tipẹ́. Mẹkáníìkì gbé àpótí igi sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ní bí òun bá tú ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, kò ní sí ohun tó máa gbé ẹ̀yìn dúró mọ́, yóò wá lulẹ̀ lé táyà ni. Ó fẹ́ lọ mú okùn wá láti ilé, kó fi so irin ẹ̀yìn ìjókòó kọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò tó wà lókè wa, bó ṣe máa ń ṣe. Ilé rẹ̀ kò jìnnà. Èmi ni mo ní kó má wulẹ̀ lọ, pé mò ń kánjú, màá fi ọwọ́ ara mi gbé e dúró.

Ó wò mí. Ó ní, "Tíṣà, bí oyin bá tilẹ̀ ta yín, ẹ má fi í sílẹ̀ o."

Mo bi í pé ṣé ọmọdé ló pè mí ni.

Ó tú àkọ́kọ́, ó tú ìkejì. Ìwúwo alùpùpù bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó ju bí mo ṣe rò lọ, àmọ́ apá mi ká a. Bóòtù kan há sókè lọ́hùn-ún, ó bá ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àárín táyà àti mọ́gáàdì tó bò ó. Ìgbà yẹn ni mo gbójú sókè tí mo rí agboòrùn dúdú ní òdìkejì ọ̀nà. Bàbá ni. Wọ́n ti rí mi, wọ́n sì ń bọ̀ tààrà.

Mi ò lè purọ́ pé mi ò ronú. Mo ronú. Mo rò ó pé bí mo bá kí wọn lórí ìdúró, ọ̀rọ̀ ìyàwó ti parí nìyẹn. Mo fi alùpùpù sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Mo gbọ́ bí ẹ̀yìn alùpùpù ṣe wá lulẹ̀. Mẹkáníìkì kò pariwo. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́ lẹ́yìn mi: "Tíṣà, ẹ gbé e."

Alùpùpù bò ó, etí Bàbá kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ mọ́, wọn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Wọ́n dúró lé mi lórí, wọ́n béèrè àlàáfíà mi, wọ́n béèrè àwọn òbí mi, wọ́n béèrè iṣẹ́. Mẹkáníìkì tún ní, "Ẹ gbé e, ẹ jọ̀ọ́." Mo gbọ́. Mo fi àyà lélẹ̀, mò ń dáhùn pé a dúpẹ́ sà, wọ́n wà sà, iṣẹ́ ń lọ sà. Wọn ò tíì ní kí n dìde, mi ò sì dìde. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, mo ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tí wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi," ni mo tó dìde, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọmọ mi ni wọ́n pè mí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn kí n tó yíjú padà.

Ìka mẹkáníìkì méjì ló kán. Wọ́n tò ó ní ọsibítù, ṣùgbọ́n ìka méjèèjì kò ká mọ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ ni mo sọ fún un lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé ẹlòmíì ló ṣe é. Ó ti ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mẹ́ta. Bí àwọn èèyàn bá bi í, á ní máṣíìnì ló yọ̀, kò dárúkọ mi fún ẹnì kankan. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó jinná, Bàbá ti fọwọ́ sí i kí n fẹ́ ọmọ wọn. Mi ò pe mẹkáníìkì síbi ìgbéyàwó náà. Mo sọ fún ara mi pé mo gbàgbé ni.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣọ́ọ̀kì alùpùpù tí mo ń gùn báyìí náà kú, mo sì gbé e lọ bá a, torí òun náà ṣì ni mẹkáníìkì mi. Okùn kò gbélé mọ́, orí ẹ̀ka máńgòrò ló ń gbé. Ó so ó mọ́ irin ẹ̀yìn, ó fà á títí ẹ̀yìn fi gbéra, ìka mẹ́ta ló sì fi ta kókó rẹ̀. Ó mì ín lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Mo ti pinnu lójú ọ̀nà pé òní ni màá bẹ̀ ẹ́, nítorí mi ò tíì bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ náà. Dípò kí n bẹ̀ ẹ́, mo nawọ́, mo ní kí n bá a dì í mú.

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì sí ìbínú nínú ẹ̀rín náà.

"Ẹ lọ jókòó, Tíṣà," ló wí. "Okùn kì í kí èèyàn."

Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.