“Ẹ Máa Bọ̀”

Ọmọ Oǹdó ni Akínsànyà, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ la ti jọ ń ṣiṣẹ́, tábìlì mi kọjú sí tirẹ̀. Kò rí òkun ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé rẹ̀, síbẹ̀ inú kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣírò bí ariwo ọkọ̀ tó ń wá epo rọ̀bì ṣe ń bo ohùn àwọn àbùùbùtán mọ́lẹ̀ lábẹ́ omi. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Ta ló rán ẹ sí ẹja?” Á ní, “Kì í ṣe ẹja, ẹranko ńlá inú òkun ni. Ó ń fọ́mọ lọ́mú. Ohùn ìyá lọmọ fi ń mọ̀nà nínú òkùnkùn yẹn.”

Lọ́dún 2016, nǹkan le koko. Iná ọba di àlejò, epo bẹntiróò di ọ̀wọ́n. Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ló gbé ìṣirò rẹ̀ ró, abẹ́ fèrèsé wa gan-an ló sì ti ń ké. Tó bá kú, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta bàjẹ́ nìyẹn, nítorí náà kì í jẹ́ ká pa á.

Ìyá rẹ̀ wà lórí àìsàn ní Oǹdó. Màmá ti sọ fún un pé, “Ìwọ àkọ́bí mi ni kó o pa mí lójú dé. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa bá ẹ sọ.” Ó sì ti ṣèlérí.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, Fọlárìn, ọkọ àbúrò rẹ̀, pè é láti Oǹdó. Akínsànyà fi ìka di etí kejì. “Kí n má bọ̀? Ó dáa, mo ti gbọ́!” Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Ara Màmá ti ń yá nìyẹn.” Ó padà sídìí iṣẹ́.

Sátidé ló tó lọ, ó ra mílíìkì dání. Fọlárìn pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ ni mo wí, ẹ sì ní ẹ ti gbọ́! Màmá pè yín títí ẹ̀mí fi bọ́ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kò síná, fóònù mi kú. Mo rò pé ẹ ti wà lọ́nà ni.”

Máa, má. Lẹ́tà kan péré ni jẹnẹrétọ̀ gbé mì. Èmi náà jókòó síbẹ̀, n kò sọ fún un pé kó pe Fọlárìn padà. Ó ń dùn mí dòní. Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ tí Màmá fẹ́ sọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó padà síbi iṣẹ́. Ìṣirò ti parí, ó ku kó kọ àbájáde. Ó gbọ́wọ́ lé kọ̀ǹpútà, kò tẹ nǹkan kan. Ó yí i sọ́dọ̀ mi.

“Jọ̀ọ́, bá mi tẹ̀ ẹ́.”

Mo ka ohun tí ìṣirò náà gbé jáde, mo tẹ̀ ẹ́: Ní kìlómítà méjìdínlógún sí ọkọ̀ tó ń wá epo, ìyá ń pè, ọmọ kò gbọ́.