Ẹjọ́ Dánàdánà Tí Mo Dá ní Peckham

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé kéwú parí, tí mo rò pé kò sí ìbéèrè tí wọ́n lè bi mí ní Peckham, ní London níbí, tí n kò ní dáhùn. Òkè ṣọ́ọ̀bù alápatà ni mọ́ṣáláṣí wa wà, òórùn ẹran a sì máa bá wa kírun. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ọjọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ kan, mo ṣàlàyé fún wọn pé, nínú òfin Ṣàríà, bí olè lásán bá pààyàn, ẹbí òkú ló ni ẹjọ́: wọ́n lè ní kí wọ́n pa á, wọ́n sì lè dárí jì í. Ṣùgbọ́n dánàdánà, ẹni tó ń dá èèyàn lọ́nà jà lólè, bó bá pààyàn, ó ti ṣẹ gbogbo ìlú, ìdáríjì ẹbí kò lè gbà á sílẹ̀. Ohùn mi ròkè bí ẹni pé èmi ni mo ṣe òfin náà.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ìyá kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Forest Hill dúró dè mí lẹ́nu àtẹ̀gùn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹnì kan gún àbúrò wọn pa ní ibùdókọ̀ nítorí báàgì, àti pé apànìyàn náà ti wà lẹ́wọ̀n.

"Alfa, prison ti send letter sí mi," ni wọ́n wí. "Ọkùnrin yẹn fẹ́ kí n forgive òun. Mo gbọ́dọ̀ reply before month-end. Mo fẹ́ forgive ẹ̀, ó ti wúwo jù fún mi. Ṣé mo lè ṣe é?"

Ó yẹ kí n béèrè bí wọ́n ṣe ń sùn. Ohun tí mo béèrè ni bóyá ibùdókọ̀ náà wà láàárín ìlú, torí àwọn onímọ̀ kan ní kò sí dánàdánà láàárín ìlú. Títí di òní, inú ń bí mi sí ara mi.

"Mummy, ìwé òfin tí àwa ń tẹ̀lé ní dánàdánà ni, ìbáà jẹ́ láàárín ìlú," mo ní. "Kò sí lọ́wọ́ yín láti dárí jì í."

"Ó dáa, Alfa." Wọ́n tún ìbòrí wọn ṣe, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀.

Mo lọ fi yangàn lọ́dọ̀ Alfa àgbà wa. Wọ́n mu tíì wọn tán kí wọ́n tó fèsì.

"Ṣé ìwọ ni judge ni? Court ti dá ẹjọ́ tiẹ̀. Ohun tí òfin yẹn sọ ni pé ẹbí ò lè ní kí adájọ́ fi í sílẹ̀. Ta ló ní kí obìnrin má forgive nínú ọkàn ẹ̀?"

Mo sáré wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ìyá náà ní Deptford, ṣùgbọ́n wọ́n ti fèsì lẹ́tà náà pé rárá, àwọn ò lè dárí jì í. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ lẹ́tà mìíràn pé àwọn ti dárí jì í. Wọ́n kọ ọ́, èsì sì dé láti ọgbà ẹ̀wọ̀n pé ọkùnrin náà kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Irùngbọ̀n mi ti ń funfun báyìí, ìyá yẹn ṣì ń wá ní gbogbo Sátidé, wọ́n ń jókòó níwájú, wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ sínú ìwé. Bí wọ́n bá bínú sí mi ni, ara ìbá tù mí. Lọ́dún tó kọjá, mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn pé kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní kí n dìde.

"Alfa, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Òfin lẹ sọ."

N kò tíì rí ìdáríjì náà gbà.